Aṣọ Funfun Tí Nonna Fún Mi

Ọjọ́ Ẹtì, San Salvario



Èmi ni mo fẹnu ara mi tọrọ aṣọ lọ́wọ́ Nonna, ìyá arúgbó òyìnbó tí mò ń tọ́jú, kí n fi wé ọmọ tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kó lè jogún ẹ̀mí gígùn wọn. Ṣebí bí a ti ń ṣe nílé nìyẹn. Aṣọ funfun kan tó ń dán ni wọ́n fún mi.

Lónìí, bí mo ṣe ń fún wọn ní ọbẹ̀ minestrina, wọ́n ní, "Má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o. Aṣọ sójà ni."

Sójà kẹ̀?

Kírétè ni Nonna ti wá, erékùṣù inú Bíbélì yẹn. Wọ́n ní, "Ọmọdé ni mí nígbà ogun. Àwọn sójà Jámánì ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ funfun ṣí lórí wọn bí agbòòrùn. Ọ̀kan rọ̀ dirodiro lórí igi ólífì wa. Màmá mi fi ọkọ́ pa á níbẹ̀, wọ́n gé aṣọ funfun náà pamọ́. Irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀."

Wọ́n tún la ẹnu fún ọbẹ̀.

Jésù! Aṣọ ta ni mo fi wé ọmọ yìí?

Mo délé, ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Mo fẹ́ tú u. Ó di etí aṣọ náà mú pinpin, bí ẹni tí kò fẹ́ já bọ́.