Apá Aṣọ Ara Ògiri

Ọjọ́ Àìkú, Märkisches Viertel, Berlin.

Bísí ọmọ mi múnú bí mi lónìí. Àwòrán ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì mú mi lọ wo méjì. Ó ní ojú wọn jọra, nítorí náà àsìkò kan náà ni wọ́n kùn wọ́n.

Mo ní rárá. Apá aṣọ ọ̀kan fún, ti èkejì gbòòrò dé ilẹ̀. Ẹni tó kùn gbẹ̀yìn wo ojú ti àkọ́kọ́, ó fi aṣọ ìgbà tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe télọ̀.

Bísí ní, “Papa, bitte, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ kàwé ni?”

Ọ̀la ló máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bojú wo apá náà.

Ìyá rẹ̀ náà ò kàwé. Ká ní ó wà láyé, á ti bi mí pé, “Apá wo, Bàbá Bísí?”