Àlàájà Ajarat Adédiwúrà Ògúntúndé: Ìyá Tó Yan Ìmọ̀ Iye Ènìyàn Láàyò

Ní Kétu ni wọ́n ti bí ìyá wa, Àlàájà Ajarat Adédiwúrà Ògúntúndé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá wọn, Àlàájì Àkànní Akínbíyì, tó ń ta irin ní Owódé Onírin. Ìyá wọn, Àlàájà Hùmúàní, ń ránṣọ níwájú ilé. Màmá ni àkọ́bí.

Ìkòsí ni wọ́n ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1972, éèyi jà ládùúgbò, ó sì mú àbúrò wọn, Oyin, lọ. Bí àwọn abánikẹ́dùn ṣe ń sọ pé kì í ṣe ilé wọn nìkan ló ti ṣẹlẹ̀, Màmá béèrè pé, "Ọmọ mélòó ló wá kú ní Kétu?" Kò sí àgbàlagbà tó mọ iye wọn. Màmá máa ń sọ fún wa pé àìmọ̀ yẹn dun àwọn ju ẹkún lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde girama lọ́dún 1978, lọ́yà ni bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n dà. Màmá yan ìmọ̀ iye ènìyàn ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀kọ́ tó dá lórí ìbí, ikú àti bí ènìyàn ṣe ń ṣí kiri. Inú bí Àlàájì.

"Ajarat, ta ló ń lọ yunifásítì torí àtika èèyàn? Kí ni mo fẹ́ sọ lọ́jà pé ọmọ mi ń kọ́?"

Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn ọmọdé, àti ibi tó ti ń pa wọ́n jù."

Àlàájì dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Títí Màmá fi gboyè, Àlàájì kò dé Ifẹ̀. Ó dun Màmá gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò yí ẹ̀kọ́ náà padà.

Wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé Ògúntúndé, olùkọ́ ìṣirò, lọ́dún 1985. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Màmá rìn láti ilé dé ilé ní abúlé kan lódìkejì odò lẹ́yìn Ìkòsí, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọdé ń kú níbẹ̀ nítorí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í sọdá odò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọ̀gá dá Màmá padà kí wọ́n tó gbà láti ṣí ilé abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Lọ́dún 1997, ilé abẹ́rẹ́ náà ṣí. Àlàájì wá lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, wọ́n dúró láàárín àwọn abiyamọ.

"Iṣẹ́ tí o lọ kọ́ nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

Àlàájì gba ọmọ jòjòló kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e mọ́ra títí nọ́ọ̀sì fi gún un lábẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, "Dókítà mi" ni wọ́n ń pe Màmá lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 2020, Màmá di olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ àṣàlátù wọn. Àwọn òbí ń mú ọmọ wá kí Màmá bá wọn yan ẹ̀kọ́. Màmá á ní kí àwọn òbí jókòó síta ná, kí àwọn lè kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ.

Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, Màmá dákẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ọkọ wọn, àwa ọmọ, Adéníkẹ́, Bámi àti Sherifdeen, àti àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n fi sáyé lọ. Ilé wa dá páropáro.

Màmá, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìtura Alujánnà sílẹ̀ dè yín.