Mo Dìde Sọ̀rọ̀ Owó Ìfẹ̀yìntì Yín

Bàbá Múrítàlá, ọkọ mi,

Ṣé orókún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara mi le ní Fẹ́sítáàkì níbí, ẹ má ṣàìsùn nítorí mi.

Lánàá, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì pàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ìjọba, mo sì lọ dúró fún yín níbẹ̀. Ọ̀gá kan ní kí olúkúlùkù máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbowó l'Ékòó. Mo dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, títì tí ẹ gbà wá síbí, ọkọ mi wà lára àwọn tó là á. Ẹnu iṣẹ́ náà ni orókún wọn ti bàjẹ́. Owó tí ẹ ń san kò tó oúnjẹ, áńbọ̀sìbọ́sí oògùn. Ẹ fi kún un, kí ẹ sì máa san án fún wọn nílé."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà ní òun á sọ ọ́ lókè. Mò ń dúró gbọ́ èsì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Ṣẹ̀fíátù, tó ní kí n máa sùn sí ilé ìdáná wọn. Ó móoru dáadáa. Mò ń bá wọn fọṣọ kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo rù, aṣọ tí mo wọ̀ ló tóbi.

Ẹ bá mi kí Ìyá Sàláwù tó ń ṣoúnjẹ fún yín, ẹ ní mo dúpẹ́ gidigidi. Ẹ kí gbogbo agbolé.

Èmi ni Àjíkẹ́ yín.