Alápatà Tó Ń Sá fún Abẹ́rẹ́

                                                  Yàrá Ìwádìí Ẹ̀jẹ̀,
                                                  Àjà Kẹta, Ilé-Ìwòsàn Ńlá.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Báwo ni ilé? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fa ìwé ara wọn ya tán? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi nítorí lẹ́tà méjì tí mi ò fèsì. Rọra máa bú mi ná, kí o gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

O mọ̀ pé ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń wá ìdí tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fi ń jà ràn-ìn nínú àwọn ìdílé kan. Àṣìṣe kékeré kan ló máa ń wà nínú àbùdá tí wọ́n jogún lọ́wọ́ òbí, òun ni mò ń wá kiri. Màmá mi ò kúkú gbà pé iṣẹ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá tí kò rí i tán, kó lọ ṣàyẹ̀wò ojú.

Ó wá ṣe, wọ́n gbé tíṣà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, abiyamọ ọlọ́mọ méjì. Jẹjẹrẹ yìí ló mú un, òun náà ló sì pa bàbá rẹ̀. Àfi kí wọ́n gba mùdùnmúdùn inú egungun ẹlòmíì fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kóòṣì bọ́ọ̀lù, ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tiwọn sì bára mu. Kóòṣì na àyà, ó ní ẹ̀jẹ̀ kìnnìún ló wà lára òun. Dókítà àgbà ti mú ọjọ́. Mo sáré gun àtẹ̀gùn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré kí n yẹ àbùdá kóòṣì wò. Wọ́n ní aláìsàn ò lọ́jọ́ tó máa fi tọrẹ. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, tèmi ti kóòtù funfun lọ́rùn! Wọ́n fún mi ní méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rí i. Àṣìṣe tó wà lára tíṣà wà lára kóòṣì náà. Ara rẹ̀ le o, ṣùgbọ́n bí a bá gba tiẹ̀, àrùn tí a lé gba ojúde, a tún mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn.

Ó wá ku àbúrò wọn, alápatà, géńdé fìrìgbọ̀n tí màlúù ń rí tó ń gbọ̀n. Bí nọ́ọ̀sì ṣe yọ abẹ́rẹ́, alápatà gba ojú fèrèsé jáde. Orí ilẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wà, a dúpẹ́. Ìyá wọn ló fa etí rẹ̀ padà láti ìsọ̀.

Ó ń bẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ dákun, ẹran ni mò ń pa o, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa mí."

Ìyá wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣàìsàn yìí ló pọ̀n ọ́ dàgbà. Jókòó!"

Ó jókòó, ó wo abẹ́rẹ́, ó dákú, ó sì wó lù mí. Ojú kan awò ojú mi fọ́. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó tẹ̀ lé apá alápatà délẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí alápatà lajú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Nọ́ọ̀sì ní, "A ti parí."

Àbùdá rẹ̀ mọ́, kò ní àṣìṣe yẹn, mùdùnmúdùn rẹ̀ sì bá ti tíṣà mu rẹ́gí. Wọ́n fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó gba mùdùnmúdùn. Ó ní òun ò sùn gbádùn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí òun ti gbéyàwó.

Kóòṣì ló ká mi lára. Mo ṣàlàyé fún un pé a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó ní, "Ó sàn kí n mọ̀ báyìí ju kí n ti gbé e fún àbúrò mi."

Lánàá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi mùdùnmúdùn alápatà sí tíṣà lára, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun tíṣà wá. Mo fi sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, mo sì bú sẹ́rìn-ín ní èmi nìkan. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wa bi mí pé kí ló ń pani lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ní kó wá wò ó. Ó fojú sí i títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó burú.

Mo ní, "Ohun tí èmi náà rí nìyẹn."

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ìwé-ò-tán.