Sinimá Mi Ṣófo

Sátidé, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Inú ń bí mi. Àwọn tó wá wo fíìmù lónìí kò tó nǹkan, wọ́n sì tún dìde lọ kó tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ni ilé yìí ti sọ ọ́: bí sinimá yìí bá tún ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àgbàdo lòun máa kó sínú rẹ̀.

Àwòrán mi tóbi bí ògiri. Àga mi rọ̀. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Ariwo ló gbé mi dé ilé Ìyá Ràfíù, aládùúgbò mi. Àwọn oníbàárà mi kún pálọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, títí kan àwọn tó ti ìlú Massè wá, wọ́n ń wo télé kékeré kan, wọ́n ń ṣépè fún ìkà inú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ kó èrò mi lọ!"

"Èmi kọ́! Ìwọ lo rí sinimá ní Kutọnu, tí o dé tí o ní ká máa panu mọ́. Ta ló lè rí ìkà kó dákẹ́?"

Mo fẹ́ fèsì. Nínú télé, ọmọbìnrin kan ń lọ ṣí ilẹ̀kùn tí apànìyàn lúgọ sẹ́yìn rẹ̀.

"Má ṣí i o!"

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Ẹnu mi ló ti jáde.