Orúkọ tí Bàbá Fi Èédú Kọ́ Wa

Mosúnmọ́lá àbúrò mi,

Ṣé òkun ò tíì wọlé bá yín ní Ayétòrò? Ara mi le. Má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa ẹsẹ̀ mi gbọ́. Pákó ló dá lábẹ́ mi ní sáìtì tí mo ti ń pọnmi fún àwọn tó ń po kọnkéré ní Ovwian níbí.

O rántí bí Bàbá ṣe ń fi èédú kọ orúkọ wa sára ọkọ̀ rẹ̀, tí ìgbì á fọ̀ ọ́ nù, tí a ó tún un kọ? Orúkọ kíkọ yẹn ló gbà mí ní ọsibítù. Kingsley, fọ́máànù wa, gbé ìwé òyìnbó kan wá pẹ̀lú íńkì. "Mama, just thumbprint am."

Mo ní ọmọ Ọlágbénró kì í tẹ̀ka. Mo gba bírò, mo ń kọ orúkọ mi bí Bàbá ṣe kọ́ wa, láìkánjú.

"Mama, you too get wahala!"

Ìdajì orúkọ ni mo kọ dé tí Akínfẹ́mi, lọ́yà ìjọ wa, fi wọlé wá kí mi. Ó ka ìwé náà: wọ́n ní ilé mi ni mo ti ṣubú! Mo fa á ya lójú Kingsley. Ìwé tí lọ́yà fi pè wọ́n lẹ́jọ́ ni mo kọ orúkọ mi sí, gbọọrọ.

Má wá o, ọ̀nà jìn. Bàtà tí o rà fún mi, ti òsì nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, kẹ́rù má pọ̀. Kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ìkúnayọ̀ Ọlágbénró, tí kì í tẹ̀ka.