Búrọ́ọ̀ṣì Susannah Tí Mo Fi Kẹrosíìnì Fọ̀

Ilé Màmá Àpìkẹ́,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Bàbá náà. Mo gbàdúrà pé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́, àti pé ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dà yín láàmú ní Ìbòkun. Ara tèmi le, ara Susannah àbúrò mi náà le. Mo lè pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá pè, ẹ ó ti máa bú mi kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó bínú.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú méjìlá tí ẹ fi owó kòkó rà fún Susannah ti bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Susannah fẹ́ sọ fún yín pé òun gbàgbé wọn sínú mọ́tò ní Ìwáràjà, kí ẹ má baà bá mi jà. Mo ní rárá, kò ní gba ìbáwí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyàwó méjì ló já lé ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ìkunjú, Màdáámù Munawwarah, lọ́wọ́ ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n wá fi ọ̀kan, Sikirat, lé Susannah lọ́wọ́, wọ́n ní, "Bí ojú yìí bá dára, o ṣe fírídọ̀mù lóṣù Kejìlá. Bí kò bá dára, wàá tún fi ọdún kan kún un." Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mo rí i pé ìpara ti gan mọ́ àwọn búrọ́ọ̀ṣì náà, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe, kẹrosíìnì sì ni a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà olóròóró. Ó ti sọ fún mi rí pé ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń fọ tirẹ̀. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Mo ri gbogbo wọn sínú agolo kẹrosíìnì. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Jímọ̀, gulú ìdí wọn ti yọ́, irun wọn sì ń já bọ́ bí irun ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Òórùn wọn kò ṣeé gbé sún mọ́ ojú ènìyàn.

Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bọ̀dá Micah, ẹ ṣeun, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́." Ìgbátí ìbá sàn jù ú lọ.

Màmá Àpìkẹ́ tó ni ilé tí à ń gbé wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára aṣọ. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà olórí kunkun yìí, wọ́n sọ fún ọ, o ò gbọ́." Wọ́n kọjú sí Susannah. "Ta ló ta búrọ́ọ̀ṣì olówó ńlá fún ìyá tó bí mi? Ìyẹ́ ló fi ya gbogbo aṣọ tó fi tọ́ wa. Sún mọ́ ibí." Wọ́n mú ìyẹ́ kékeré kan, wọ́n fi abẹ gé ẹnu rẹ̀, wọ́n ní kí ó fà á lórí aṣọ. Ìlà tó fà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn.

Bí ojú wa ṣe là nìyẹn. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán ọmọ iléèwé méjì níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé, ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọ ọwọ́ fún ìpéǹpéjú, ó sì tọrọ èérún fóòmù lọ́wọ́ àwọn tó ń rán bẹ́ẹ̀dì. Èmi mú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kan tí mi ò tíì lò rí, èyí tó rọ̀ jù. Mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí irun tó fẹ́ já fi já tán. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní ó ń gún òun, àfi kí òun fi gbọn àtíkè tó bá dà sára aṣọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo wọn, ó sá wọn sóòrùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé e lọ sí ilé ìyàwó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò síná, nítorí náà wọ́n mú Sikirat jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, èmi náà sì rí ohun gbogbo. Ìyá mi, ọdún méjì ni mo ti ń pe iṣẹ́ ọmọ yìí ní eré. Ilé ni mo ń kùn, mo mọ ohun tó ń ná ènìyàn kí ọwọ́ má gbọ̀n. Mi ò rí irú ọwọ́ yẹn rí. Ó rẹ fóòmù sómi, ó fún un, ó ń fi tẹ ìpara mọ́ ojú náà díẹ̀díẹ̀, títí mi ò fi rí ibi tí ìpara parí sí tí awọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìyẹ́ bọ tìróò, ó fà á sí etí ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni pé ojú náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tó kàn ń dúró kí ẹnìkan wá ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Mo sì ń ronú pé ọmọ tí mo máa ń gbé pọ̀n lọ sódò ni eléyìí.

Bó ṣe parí, ìyá àgbà Sikirat jáde sí wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni? Aago mẹ́wàá ni àwọn àlùfáà ń bọ̀ o." Mo rí i tí Susannah di etí àpótí mú. Ìyá ìyàwó ní, "Ìyá, wọ́n ti kùn ún tán." Arúgbó náà sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́. "Alihamudulilahi. Mo ṣe bí ojú tó gbé wáyé ni." Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọn ò yé wò ó.

Màdáámù dé lẹ́yìn náà. Wọ́n wo ojú Sikirat, wọ́n mú ìyẹ́ náà, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ta ló gé e?" Láàárọ̀ òní, Susannah ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bí wọ́n ṣe ń gé e. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ni fírídọ̀mù.

Ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má ra òmíràn. Ó ní kí ẹ fi owó kòkó tọdún yìí tún òrùlé ṣe. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ilé yín má tú, kí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa má rọ. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tó kọ́kọ́ ṣí yín nínú,
Micah.

Mo tún gbàgbé: Susannah ní lọ́jọ́ fírídọ̀mù, níwájú gbogbo ènìyàn, ojú yín ni òun máa kùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi àtíkè kan ojú rí nítorí òfin ìjọ. Ẹ jẹ́ kí ó kùn ún. Mo fẹ́ rí i.